Gámálìn Lára Kòkó, Oògùn Lára Ẹ̀fọ́: Àwo Ta Ni Wọ́n Ń Wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè, ní ìlú Oǹdó tàbí ní Ọ̀dà tó wà lẹ́bàá Àkúrẹ́. Gámálìn ni ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ ọjà ni nígbà tó kọ́kọ́ dé, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oògùn apakòkòrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, tó sì di orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe oògùn apakòkòrò lápapọ̀. Oògùn mìíràn lè wà nínú agolo, kí àmì mìíràn sì wà lára rẹ̀, síbẹ̀ Gámálìn ni àgbẹ̀ yóò sọ pé òun lọ rà. Àwọn apẹja kan ń dà á sínú odò kí ẹja lè léfòó. Àwọn oníṣòwò kan fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà. Ohun tó bá ti wọ inú ìgbésí ayé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó béèrè ohun tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ṣiṣẹ́ tán.

Ìbéèrè ọ̀hún kò ju méjì lọ. Lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, báwo ni oògùn tó kù lára ohun tí ènìyàn yóò jẹ ti pọ̀ tó? Èló nínú rẹ̀ sì ni ara lè gbà láìfarapa? Ìṣẹ́kù oògùn ni wọ́n ń pe ohun tó kù náà. Òdiwọ̀n ìṣẹ́kù ni ààlà tí òfin fi lé e. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òdiwọ̀n yìí kò ti inú ilé ìdáná jáde wá. Ẹnu ibodè ló gbà wọlé, láti ọwọ́ àwọn tó ń ra kòkó àti ẹ̀wà lókè òkun. Ìyẹn ló fà á tí ẹrù tó ń lọ fi ní ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, tí èyí tí wọ́n ń jẹ nílé kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn kí ó tó kan Nàìjíríà. Ní ọdún 1900, ní Manchester àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn àjèjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń mu bíà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń kú, awọ ara wọn ń yí padà. Nǹkan bí 6,000 ènìyàn ló ṣàìsàn, àwọn bí 70 sì bá a lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n bá a dé ọ̀dọ̀ ṣúgà tí wọ́n fi ń pọn bíà náà: ásíìdì tí wọ́n fi ṣe ṣúgà ọ̀hún ní májèlé ásẹ́níìkì nínú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi Lord Kelvin, ọ̀gá nínú ìmọ̀ físíìsì, ṣe alága. Ní ọdún 1903 ìgbìmọ̀ náà fi ààlà sílẹ̀: ásẹ́níìkì kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíréènì nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan oúnjẹ. Bí a bá fi ìwọ̀n òde òní sọ ọ́, ó jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀ nínú kílò kan. Àárín ìdààmú ni wọ́n ti fi nọ́ńbà yẹn lélẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ láyé ju àwọn tó fi í lélẹ̀ lọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1920, èso ápù láti Amẹ́ríkà wá ko nọ́ńbà náà lójú ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ ápù Amẹ́ríkà nígbà yẹn ń fín èròjà òjé àti ásẹ́níìkì sórí igi wọn kí kòkòrò má baà wọ inú èso. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ápù náà, wọ́n rí i pé ohun tó wà lára rẹ̀ kọjá ààlà ọdún 1903, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò ti ìlẹ̀kùn. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe yẹ fún àfiyèsí. Wọ́n pàṣẹ pé ápù tó bá ń lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ bá òdiwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì mu. Ti èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn yóò jẹ ńkọ́? Ní ọdún 1927 wọ́n fún un ní ààlà tó tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti òkè òkun. Ọdún 1932 ni wọ́n tó sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ nìkan ni a ti ń tọ́jú àwo àlejò ju àwo ọmọ ilé lọ, kí ó rántí ápù Amẹ́ríkà.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ti ń gba ipò ìdààmú. Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, Arnold Lehman àti Garth Fitzhugh, dá a lábàá pé kí wọ́n wá ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí kò pa ẹranko lára nínú ìdánwò, kí wọ́n sì pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn lè jẹ ẹ́. Ìdí ọgọ́rùn-ún náà kò ṣòro. Ènìyàn lè jẹ́ ẹlẹgẹ́ ju eku lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú àwọn ènìyàn náà, ọmọdé tàbí aláìsàn lè jẹ́ ẹlẹgẹ́ ju géńdé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni. Àjọ FAO àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gba irú ìrònú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius sílẹ̀ ní ọdún 1963 láti máa fi òdiwọ̀n kan náà lélẹ̀ fún oúnjẹ tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Ibì kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Òdiwọ̀n ìṣẹ́kù tí wọ́n kọ sórí ìwé kì í ṣe ibi tí májèlé ti bẹ̀rẹ̀. Oko ni wọ́n ti ń wá a. Wọ́n á gbin tòmátì tàbí kòkó sí àyè ìdánwò lóríṣiríṣi, wọ́n á fín oògùn gẹ́gẹ́ bí ìwé ara agolo ti wí, wọ́n á ka iye ọjọ́ tó yẹ kó kọjá kí wọ́n tó kórè, wọ́n á wá wọ̀n ohun tó kù. Èyí tó ga jù nínú ohun tí wọ́n rí ni òdiwọ̀n yóò bá rìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣírò irú oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń jẹ àti bó ti pọ̀ tó, láti mọ̀ bóyá ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ yóò kọjá ohun tí ara lè gbà. Bí ó bá kọjá, wọn kò ní fọwọ́ sí oògùn náà fún irúgbìn yẹn. Àgbẹ̀ tó bá rú òdiwọ̀n lè má tíì pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ó dájú pé kò tẹ̀lé ìlànà: ó fi oògùn pọ̀ jù, tàbí kò dúró pẹ́ tó, tàbí kó jẹ́ pé oògùn tí kò yẹ ló lò.

Ibi tí kò bá sí ìdánwò ńkọ́? Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù àti ilẹ̀ Japan ní ìdáhùn kan náà fún ìyẹn: mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Nọ́ńbà yìí kì í yé ènìyàn títí wọ́n á fi bá a sọ ọ́ lédè oko. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù sì jẹ́ àpò 1,600. Gíráàmù kan péré, tí kò tó ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí wọ́n bá pín in káàkiri gbogbo àpò 1,600 yẹn ni òdiwọ̀n náà. Ojú lásán kò lè rí i. Imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ojú àti imú ni ilẹ̀ Yorùbá sì fi ń yẹ kòkó wò fún ìgbà pípẹ́. Lábẹ́ àjọ tó ń ra kòkó, èyí tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 tó sì di ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1954, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò jẹ́ ẹni tí àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Yóò bu kòkó nínú àpò, yóò fi ọ̀bẹ la horo sí méjì, yóò ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí kò ròkú dáadáa. Bí kòkó bá yege, a lẹ̀ ẹ́ ní èdìdì. Bí kò bá yege, kí àgbẹ̀ gbé e padà lọ sá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àgbẹ̀, òun ló sì fún kòkó Nàìjíríà ní orúkọ rere lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè la horo kòkó kí ó fi Gámálìn hàn.

Gámálìn fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó gùn. Michael Faraday ló kọ́kọ́ ṣe irú èròjà náà ní ọdún 1825, láìmọ̀ pé yóò pa kòkòrò. Teunis van der Linden, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ya àwọn oríṣi inú rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdún 1912. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe èròjà náà ní lindane. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà ogun àgbáyé kejì, ni wọ́n tó mọ agbára rẹ̀ lórí kòkòrò. Ní àsìkò kan náà, ìpayà ti gba àwọn oko kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àrùn tó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú ń tàn kálẹ̀, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ẹ̀ka àti èso kòkó mu sì ń gbẹ odindi oko. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ìwádìí kòkó sílẹ̀ ní Tafo, ní Gold Coast, ní ọdún 1944, ẹ̀ka rẹ̀ ti Nàìjíríà sì wá sí Ìbàdàn. Òun ló di ibùdó ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, ní ọdún 1964. Láàárín àwọn ọdún 1950, oògùn tí wọ́n rí i pé ó ń ṣẹ́gun kòkòrò náà ni lindane. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ó sì san nínú owó rẹ̀ kí àgbẹ̀ lè ra á.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Oògùn yẹn gba oko là. Ọ̀pọ̀ ilé alábọ́ọ́dé ní ìlú Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ owó ilé-ìwé tí bàbá fi rán ọmọ lọ sí Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, orí kòkó tí wọ́n fín ni ó ti wá. Àwọn tó mú un wá kò purọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn kò sọ, torí pé àwọn pàápàá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún un, ni pé lindane kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó máa ń wọ inú ọ̀rá, níbi tó ti ń pẹ́. Horo kòkó sì rèé, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá. Nínú ara ènìyàn náà, ọ̀rá ni ó ń wá lọ. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan ọpọlọ ni ó ń bá jà, gìrì a sì mú ẹni tó jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ní ọdún 1986 ìjọba àpapọ̀ tú àwọn àjọ tó ń ra kòkó ká. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè lọ rà lóko. Inú àgbẹ̀ dùn sí owó tó gòkè, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò dẹ̀, èdìdì sì sọ iyì rẹ̀ nù. Oògùn tí ìjọba ń pín di ohun tí wọ́n ń rà lórí àtẹ lọ́jà, èyí tí wọ́n pò àti èyí tí wọn kò pò, nínú ike tí kò sí ìwé lára rẹ̀. Lásìkò yìí gan-an ni àwọn òǹrajà òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kó lindane kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù fagi lé lílò rẹ̀ lóko ní ọdún 2000. Àdéhùn Stockholm lórí àwọn májèlé tó ń pẹ́ nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, wọ́n sì fi lindane kún orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ní ọdún 2009.

Ọdún 2008 ni ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kí a yà nípa. Àkọ́kọ́: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, òfin tuntun ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdiwọ̀n kan ṣoṣo lé oúnjẹ ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, kòkó sì wà nínú rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé ni ọ̀rọ̀ ti gba ẹnu àwọn tó ń kó kòkó ránṣẹ́. CRIN kọ orúkọ àwọn oògùn tí àgbẹ̀ lè lò síwèé, irú bíi Ridomil àti Actara, àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ sì ń lọ láti abúlé dé abúlé pé kí wọ́n ju Gámálìn nù, nítorí àwọn tó ń jẹ ṣokoléètì ní òkè òkun yóò wọ̀n ọ́n.

Ìkejì ṣẹlẹ̀ nílé. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Gombe jẹ ẹ̀wà. Èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú wọn ni wọ́n sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀wà náà wò, lindane ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, moínmoín àti ẹ̀wà tún kó àìsàn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé méjì sì kú. Lẹ́yìn náà ni àjọ NAFDAC fòfin de nǹkan bí ọgbọ̀n oògùn apakòkòrò tó wà lọ́jà, Gámálìn pẹ̀lú wọn.

Oògùn kan náà ni. Ọdún kan náà ni. Ti ṣokoléètì, wọ́n fi nọ́ńbà àti ọjọ́ sí i ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàìsàn. Ti ẹ̀wà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wà náà kan ibodè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró. Dichlorvos ni wọ́n bá lára rẹ̀, èròjà tí àwọn ará ọjà mọ̀ nínú Sniper àti irú ọta-pia-pia kan. Nínú àwọn ẹrù tí wọ́n wọ̀n, ohun tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 0.03 títí dé 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí ààlà jẹ́ 0.01. Èyí tó ga jù fi ìlọ́po 460 kọjá ààlà. Wọ́n kọ́kọ́ ní títí di oṣù kẹfà ọdún 2016 ni. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un, wọ́n sì tún fi mẹ́ta mìíràn kún un. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń jíròrò ní Àbújá nípa bí ẹ̀wà yóò ṣe padà sí Yúróòpù, àwọn àpò ẹ̀wà ń wọ Àkúrẹ́ láti òkè Ọya bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ń di àkàrà ní òwúrọ̀ àti gbẹ̀gìrì lálẹ́. Dichlorvos máa ń yára fò lọ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Nínú àpò tí wọ́n dì pa, kò ríbi fò lọ.

NAFDAC kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2019 wọ́n fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ọjà. Wọ́n fagi lé oògùn apakoríko paraquat láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, àti atrazine láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Ìgbésẹ̀ rere ni wọ́n. Àmọ́ ìgò ni gbogbo wọn ń lé. Fífi òfin de ìgò ò sọ ohun tó wà nínú abọ́. Abọ́ gba pé kí ẹnì kan lọ sí ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó ra ẹ̀fọ́ bí oníyàwó ti ń rà á, kí ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ìlú.

Ó tún yẹ kí a rántí pé òdiwọ̀n tó ti ibodè wọlé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ nítorí ẹnu. Thiamethoxam, èròjà inú Actara tí wọ́n ní kí àgbẹ̀ kòkó fi rọ́pò Gámálìn, ni ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè lóko ìta gbangba wọn ní ọdún 2018 nítorí pé ó ń pa oyin. Ní ọdún 2023 wọ́n ṣe òfin mìíràn tó mú ìṣẹ́kù rẹ̀ lára oúnjẹ tó ń wọlé wálẹ̀ dé ibi tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ lè rí, láti oṣù kẹta ọdún 2026. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ gbangba: kí oyin ibi gbogbo lágbàáyé lè yè. Ó lè jẹ́ ìdí tó dára. Síbẹ̀ àgbẹ̀ Ìdànrè tó kọ́ orúkọ tuntun lẹ́yìn tó gbàgbé ti àtijọ́ yóò tún kọ́ òmíràn, àwọn tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti pinnu rẹ̀ kò sì bi í léèrè ohun tí yóò fín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ wá kù, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ẹnu jù lọ. Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n fọ́n irúgbìn títí di ìgbà tí wọ́n fà á tu. Bí kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ewé ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n sì fín oògùn tó ní kí wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọjọ́ ìkórè ti kọjá kí ọjọ́ oògùn tó pé. Ewé tó fẹ̀ náà tún máa ń gba oògùn sára ju èso lọ, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń gbà á, gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn máa ń náwó sórí ìdánwò fún irúgbìn tí ọjà rẹ̀ gbòòrò lágbàáyé, bí òwú, àgbàdo àti tòmátì. Ewédú kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń náwó lé. Nítorí náà, oògùn tí ìwé ara agolo rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa tòmátì ni àgbẹ̀ ń fín sórí ewédú, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó fi ojú wọ̀n.

Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ilé ọ̀gbìn onírọ́bà, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní gírínháòsì, ti ń yọjú káàkiri ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá. Tòmátì, tàtàṣé àti kùkúḿbà ni wọ́n sábà máa ń gbìn sínú rẹ̀. Ìlérí tó bá a wá pọ̀: òjò kò ní lù ú, àrùn yóò dín kù, àgbẹ̀ yóò kórè láàárín ọdún nígbà tí tòmátì òkè Ọya bá wọ́n. Lẹ́yìn tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná ní ọdún 2016, tí àwọn ènìyàn ń pe ìyọnu náà ní Ẹ́bólà tòmátì, ìlérí yẹn tún dùn létí sí i.

Ohun tí wọn kì í sọ nígbà tí wọ́n bá ń ta ilé rọ́bà fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe àgbẹ̀ ni pé òjò àti oòrùn tí wọ́n dènà náà ni ó ń bá àgbẹ̀ òde fọ oògùn dànù. Òjò ń ṣàn án kúrò lára èso. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó mú ń já èròjà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Rọ́bà ń dí òjò lọ́wọ́ pátápátá, ó sì ń sẹ́ apá tó mú jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Oògùn mìíràn lè tètè bàjẹ́ nínú ooru tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn máa ń pẹ́ lára èso ju bí wọ́n ti ń pẹ́ níta lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún Codex àti fún Yúróòpù fi máa ń ya ìdánwò inú ilé rọ́bà sọ́tọ̀ kúrò lára ti oko gbangba, tí òdiwọ̀n kan sì lè jẹ́ pé ti inú ilé rọ́bà ló gbé e ga. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo fún oko gbangba lè má tó fún inú rẹ̀.

Ìṣòro tó le ju ìyẹn lọ wà lọ́wọ́ tòmátì àti kùkúḿbà fúnra wọn. Wọn kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń ká wọn, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kùkúḿbà tí wọn kò bá ká lọ́jọ́ tó yẹ yóò sanra kọjá ohun tí òǹrajà fẹ́. Lára igi kan náà ni kòkòrò wà, ni òdòdó wà, ni èso tó tóbi tán wà. Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn ọlọ́jọ́ méje lónìí, èso tí yóò sọ nù kí ọjọ́ náà tó pé lè tó èyí tí yóò fi san gbèsè ilé rọ́bà fún oṣù náà. Ìwé ara agolo sọ ọ̀kan, gbèsè sọ òmíràn.

Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà níbòmíràn. Wọ́n ń fi àwọ̀n dídì dí ojú fèrèsé kí kòkòrò má wọlé, wọ́n ń so páálí oníyẹ́lò tó ní àtè lára kọ́ kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí kòkòrò dé, wọ́n ń dá àwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò sílẹ̀ sínú ilé náà, wọ́n sì ń lo oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ bí ìkórè bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní Spain, ní agbègbè Almería tí ilé rọ́bà ti bo ilẹ̀ lọ salalu, àwọn àgbẹ̀ tàtàṣé yí padà sí lílo kòkòrò apakòkòrò lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ní Jámánì ní ọdún 2006 bá oògùn tí wọn kò gbà láàyè lára tàtàṣé wọn, tí àwọn òǹtajà ńlá sì kọ̀ ọ́. Níbẹ̀ náà, òǹrajà tó lè sọ pé òun kò rà mọ́ ni ó yí ọwọ́ wọn padà.

Ìyá tó ń ra tòmátì ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kò ní irú agbára yẹn. Ó lè fi ojú yan èyí tó pọ́n, ó lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lè fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ dé ilé, ìfọ̀ náà yóò sì mú èyí tó wà lórí awọ kúrò díẹ̀. Èyí tó ti wọ inú èso kò ní bá omi lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ kòkó wò fún àwọn tó wà lókè òkun, kò nílò láti dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ràn án lọ́wọ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, FUTA, wà ní ìlú kan náà. Agbọ̀n tòmátì ogún láti ọjà mẹ́rin, lóṣooṣù, àti ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà lédè Yorùbá, tó sọ ohun tí wọ́n bá lára wọn àti ibi tí wọ́n ti wá: ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, agbọ̀n tí wọ́n ká ní ìdájí ń dé ọjà kí oòrùn tó yọ, oníyàwó ń rà á, kò sì sí ìwé kankan tó tẹ̀lé e.